Eyín Helen, Àtàǹpàkò Mojí

Ọdún tí Helen pé ọmọ ọdún méje ni eyín ńlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ọdún náà gan-an ni oorun sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìyá rẹ̀.

Bí eyín ọmọdé ṣe ń yọ lẹ́nu ọmọ náà ni Matilda ń ṣọ́ ihò tó fi sílẹ̀, bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí kò mọ irú àlejò tí yóò gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀kan hù, ó dúró ṣánṣán. Èkejì hù tẹ̀lé e, ó já sí iwájú èkíní, ó fi èjìká gún un, àfi bí ẹni méjì tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Òkè ni, lápá òsì. Matilda mọ ibẹ̀. Ó ti bá ọmọ kan fi pákò ha irú eyín bẹ́ẹ̀ rí, ó ti rí i tó ń tàn nínú ẹ̀rín láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹnu Mojí ni. Mojí sì ti kú kí wọ́n tó lóyún Helen.

Tíṣà ni Matilda. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé kẹrin ní ilé-ìwé ìjọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ náà sì ni Helen ti ń kàwé. Gilbert ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ omi. Ìjàsí ni ilé wọn wà, ilé kékeré kan tí igi máńgòrò ṣíji bò láti ẹ̀yìn. Nínú ilé yẹn ni wọ́n ti tọ́ Mojí, àkọ́bí wọn, títí ó fi di ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí ìsinmi gbọọrọ dé lọ́dún 1974, Màmá Ràmọ́tà, ìyá Matilda, ní kí wọ́n fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí òun ní Ìbefun kó wá lo ìsinmi. Mojí bẹ́ sínú mọ́tò, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni èéyi ti mú un. Ibà rọ́ lu èéyi. Nígbà tí ìròyìn fi dé Ìjẹ̀bú-Òde tí Matilda sì fi sáré dé Ìbefun, wọ́n ti sin ín. Ilé mùsùlùmí ni ilé Màmá, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò sì fi sàréè hàn án, nítorí pé òbí kì í fojú rí sàréè ọmọ. Wọ́n mú un jókòó sáàárín àwọn obìnrin, wọ́n rọ̀ ọ́ kó gbé omijé mì, kó má baà ba ọ̀nà jẹ́ fún èyí tó ń bọ̀. Ó gbé e mì. Ohun tó wá kù sí i lọ́kàn ni ọmọ kan tó lọ lo ìsinmi, tí kò tíì dé.

Ohun kan wà tí Mojí fi sílẹ̀ nínú ilé. Ní Kérésìmesì tó ṣáájú ikú rẹ̀, Gilbert kun fèrèsé iyàrá ní ọ̀dà àwọ̀ ewé. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ tí Mojí fi tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Ojú ìka náà hàn kedere, tìlàtìlà. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti lọ, ìgbàkígbà tí Gilbert bá gbé búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà, iwájú fèrèsé yẹn ni ìyàwó rẹ̀ máa ń dúró sí. Nígbà tó yá, Gilbert ò kun yàrá náà mọ́. Matilda ta kọ́tìnì bò ó, ṣùgbọ́n bí ilé bá dá lọ́sàn-án, á ká kọ́tìnì náà sókè, á fi àtàǹpàkò tirẹ̀ lé orí èyí tó wà níbẹ̀. Kò tó ìdajì tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí eyín Helen hù tán ni Màmá Ràmọ́tà wá kí wọn láti Ìbefun. Ọmọ náà sáré pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Màmá gbá a lágbọ̀n mú, ó yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó títí. Ìborùn rẹ̀ yọ́ bọ́ sílẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Matilda," ó ní, "ó ti dé."

"Ta ló dé, Màmá?"

"Ìwọ náà mọ ẹni tó dé."

Màmá kì í fi ìrun ṣeré, Matilda náà kì í pa ìsìn jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti wọ ara ṣáájú wàásù a máa ní yàrá tirẹ̀ níbẹ̀, kì í sì í san owó ilé fún ẹnikẹ́ni. Kí arúgbó náà tó padà sí Ìbefun, ó fa ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. "Má jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín lójú títì o. Àwọn tó mú un lọ nígbà kìíní lè dá a mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé Matilda ń sọ fún Helen pé, "Fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ." Ó ń sọ ọ́ lójú ọ̀nà, ó ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Nígbà tó ṣe, kò sọ ọ́ mọ́, ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀rín bá ń bọ̀, ọwọ́ á ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi pàdánù ohùn.

Ohun tí Matilda kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló ń ba òun. Inú rẹ̀ ń dùn. Bí Helen bá ń bọ̀ láti ìdí kànga tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkàn ìyá náà á fò, ahọ́n rẹ̀ á sì gbé orúkọ Mojí kó tó gbé orúkọ Helen. Ó máa ń dán an wò. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà, ó bi í wẹ́rẹ́ pé, "Ṣé o rántí ajá Bàbá Kápẹ́ńtà, èyí tó já ìró mi?"

Ajá yẹn ti kú kí Helen tó dáyé. Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀, ó rí i pé ìdáhùn kan wà tí ìyá òun ń fẹ́, ó wá a títí, kò rí i.

"Ajá wo, Mọ́mì?"

"Kò séwu. Máa ṣa ẹ̀wà rẹ."

Ní ọdún 1985, Helen pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bí òjò ṣe ń sún mọ́lé ni Matilda ń gbẹ. Bí ọmọ náà bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á fọwọ́ kàn án lọ́rùn. Wọ́n ní èéyi wà ní àdúgbò kan lọ́nà Ìbàdàn, kò jẹ́ kó lọ ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Gilbert ní, "Matilda, ọmọ yìí ò ṣe nǹkan kan." Ó tún fọwọ́ kan ọmọ náà lọ́rùn.

Oṣù kẹfà ọdún náà ni dókítà eyín kan wá sí ilé-ìwé wọn. Dókítà Ọládiípọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó sì wọ̀ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìjagun. Ó ní òun fẹ́ wo ẹnu àwọn ọmọ, òun sì fẹ́ gba ìtẹ̀ka wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí Matilda máa bá a to àwọn ọmọ náà.

Tìmùtìmù yíǹkì kan ni dókítà náà gbé sórí tábìlì, pẹ̀lú páálí funfun, tọ́ọ̀ṣì àti dígí pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n fi ń wo ẹnu. Á mú ìka ọmọ kọ̀ọ̀kan, á yí i láti ẹ̀gbẹ́ èékánná dé ẹ̀gbẹ́ èékánná lórí yíǹkì, á tún yí i bẹ́ẹ̀ lórí páálí. Lẹ́yìn náà á ní kó ya ẹnu. Àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ dúdú dẹ́rù ba ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan Helen, ó na ọwọ́, dókítà tẹ̀ ẹ́ tán.

"Ó yá, la ẹnu."

Helen fi ọwọ́ oníyíǹkì bo ẹnu. Ètè rẹ̀ dúdú.

"Kí ló dé?"

"Ẹnu mi kì í ṣe ti títì, sà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Ọmọ náà yí ojú sí ibi tí ìyá rẹ̀ dúró sí. Dókítà náà wò síbẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà náà wò síbẹ̀. Matilda ń wo ilẹ̀.

"Ọmọ yín ni, mà?"

"Ọmọ mi ni. Helen, la ẹnu fún dókítà."

Nígbà tí wọ́n lu agogo oúnjẹ tí kíláàsì ṣófo, Matilda kò jáde. Ó ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí. "Dókítà," ó ní, "ẹ má bínú o. Kí ni ìka ọwọ́ bá eyín tan?"

"Nínú oyún ni, mà," dókítà náà ní. "Nígbà tí ikùn ìyá kò tíì yọ rárá, ìgbà yẹn ni àjà ẹnu ọmọ ń pàdé, ìgbà yẹn náà ni ìlà ojú ìka rẹ̀ ń tò. Iṣẹ́ méjèèjì jọ ń lọ ni. Mo wá ń wò ó pé bí nǹkan bá tọ́ ọ̀kan, ṣé kì í hàn lára èkejì? Àwọn ọmọ tí eyín wọn gun ara wọn, ṣé irú ìlà kan wà tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a lè wo ìka ọmọ kékeré ká ti mọ̀ pé eyín rẹ̀ yóò fẹ́ ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n n kò tíì mọ̀. Òfo lè ni."

"Èèyàn méjì lè ní ìka kan náà?"

"Irú kan náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ìka kan náà, rárá. Ìbejì tí ìyá wọn gan-an ń ṣì wọ́n pè, ìlà wọn ò dọ́gba."

"Bí èèyàn bá kú ńkọ́, tó tún padà wá?"

Dókítà Ọládiípọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó dé ìdérí yíǹkì rẹ̀, ó dé e le. "Ìyẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi, mà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ìtẹ̀ka ẹni náà níbì kan, mo lè bá yín wò ó."

Ọ̀rọ̀ bá tú jáde lẹ́nu Matilda, nínú kíláàsì tó ṣófo, pẹ̀lú ariwo àwọn ọmọ tó ń ṣeré níta: èéyi, fèrèsé, eyín, gbólóhùn tí Màmá sọ. Kò tíì sọ ọ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ rí.

Ọ̀sán Sátidé ni dókítà náà wá sílé wọn. Gilbert ṣílẹ̀kùn fún un, ó fún un ní àga, ó fún un lómi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Matilda, ṣé o ti rò ó?" ó bi ìyàwó rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. "Bí ó bá sọ pé òun ni, kí lo fẹ́ ṣe? Bí ó bá sọ pé òun kọ́, kí lo fẹ́ ṣe?" Matilda ti kọjá sínú iyàrá, ó ti ń ká kọ́tìnì.

Dókítà náà mú dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá jáde, ó tẹ̀ síwájú fèrèsé, ó wo àtàǹpàkò inú ọ̀dà náà. Ó ní kí Helen súnmọ́ òun, ó wo àtàǹpàkò tirẹ̀ náà. Ó padà sí fèrèsé.

"Méjèèjì ń yí po," ó ní. "Bí ikarahun ìgbín."

Orí bẹ́ẹ̀dì ni Matilda bá ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti di apá Helen mú, ó dì í le tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà fi kígbe. "Mojí," ó ní. "Mojí, Mojí." Ohùn náà kò jọ ohùn tí Helen mọ̀ sí ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ń wo bàbá rẹ̀.

"Ẹ dúró, mà!" Dókítà náà bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀. "Irú wọn ló bára mu, kì í ṣe àwọn gan-an. Ẹ dìde, ẹ wá fi ojú ara yín wò ó."

Ó fi dígí náà lé e lọ́wọ́. Nínú ọ̀dà, ìlà àárín gbùngbùn pa dé, ó rí róbótó bí ojú ẹyẹ. Lọ́wọ́ Helen, àárín náà kò pa dé, ó lọ́ bí ìtàkùn iṣu tó ń wá igi. Nínú ọ̀dà, ìlà kan là sí méjì ní ìsàlẹ̀. Lọ́wọ́ Helen, ìlà ibẹ̀ lọ gbọọrọ, kò yà síbì kankan. Matilda wò ó, ó tún un wò. Ó fi ọwọ́ nu dígí, ó tún wò ó.

"Èèyàn méjì ni wọ́n, mà. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Irú èyí a máa rìn nínú ẹbí, eyín náà a sì máa rìn nínú ẹbí."

"Eyín ìyá mi nìyẹn," ni Gilbert sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Lápá òsì, lókè. Ó ti ká kí o tó wọlé wa, o kò bá a."

Matilda yíjú sí i. "O mọ̀, o sì dákẹ́?"

"O ò bi mí rí. Ìwọ àti Màmá lẹ jọ ń sọ ọ́. Bí mo bá wọlé, ẹ ó dákẹ́."

Wọ́n rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Dókítà náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti ń dá dígí rẹ̀ padà sínú àpò. Ṣùgbọ́n Matilda kò kúrò nídìí fèrèsé.

"Níbo ló wá wà?" ó bèèrè.

"Ta ni, mà?"

"Mojí. Bí kò bá sí níbí, níbo ló wà?"

Dókítà náà wo Gilbert, Gilbert wo ilẹ̀. Ó sin àlejò náà jáde.

Ẹkún tí wọ́n ní kí Matilda gbé mì lọ́dún 1974 kò lọ síbì kan, ọjọ́ yẹn ló jáde. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ọmọ tó ti ń retí kò ní dé mọ́. Èyí tó rò pé ó ti dé, àlejò kan ni, tí òun kò tíì kí káàbọ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé.

Helen gbé omi wá fún un nínú kọ́ọ̀bù. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kejì bo ẹnu bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ṣé torí pé èmi kì í ṣe òun lẹ ṣe ń sunkún?"

Matilda gbọ́ ọ. Ó fẹ́ sọ pé rárá, rárá náà kò jáde. Ó dìde jókòó, ó gba kọ́ọ̀bù, ó gbé e sílẹ̀, ó mú ọwọ́ ọmọ náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ẹnu náà. Ó pẹ́ tó ti wò ó láìwá ẹlòmíì níbẹ̀.

"Súnmọ́ mi," ó ní. "Àárọ̀ ọ̀la, a ń lọ sí Ìbefun."

Màmá Ràmọ́tà ń gbin ewùrà lẹ́yìnkùlé nígbà tí wọ́n dé. Nígbà tó gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ wá ṣe, ó ju ọkọ́ sílẹ̀. "Èèwọ̀ ni! Ìwọ Matilda, a kì í ṣe é. Òbí kì í rí i."

"Màmá, mo ti ń rí i lójoojúmọ́," Matilda ní. "Mi ò mọ ibi tí sàréè wà, mo bá fi ọmọ ààyè ṣe sàréè. Ẹ wò ó. Ẹ wo ọmọ tí mo sọ di odi."

Arúgbó náà wo Helen. Ọmọ náà ti ń gbé ọwọ́ lọ sí ẹnu. Màmá nu ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ìró, ó nù ún pẹ́, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka tẹ̀súbáà. Nígbà tó yá, ó gbé ohùn sókè, ó pe Yẹ̀kínì.

Yẹ̀kínì ni ẹ̀gbọ́n Matilda, òun ló gbẹ́ ilẹ̀ nígbà náà. Ó mú àdá, ó ṣíwájú, ó gba ẹ̀gbẹ́ oko ewùrà kọjá, ó dúró ní ìdí igi àgbálùmọ̀ kan. Kò sí òkúta, kò sí àmì. Ilẹ̀ ni, àti ewé gbígbẹ.

"Ibí ni."

"Ibí gan-an, Bọ̀dá?"

"Orí ibi tí mo dúró sí yìí. Aṣọ òkè Màmá la fi wé e." Ó fi ẹnu àdá ṣa ewé kúrò díẹ̀díẹ̀, kò gbé ojú sókè. "Kí Mojí tó dákẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní kí n sọ fún Mọ́mì òun pé òun ò ní pẹ́ dé. Ṣé mo wá lè sọ ìyẹn fún ọ?"

Matilda kúnlẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ilẹ̀ náà, ilẹ̀ tútù, ó fi wọ́n síbẹ̀.

Helen rọra wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sì fi orúnkún kan kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Ẹ kú ilé o, Àǹtí Mojí," ó ní. "Èmi ni Helen."

Àǹtí. Ọ̀rọ̀ náà kọ̀ láti wọ Matilda létí ná. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, Mojí kì í kọjá ọmọ ọdún mẹ́jọ, àpò ìsinmi ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ti kí i bí a ti ń kí ẹ̀gbọ́n, òótọ́ sì ni. Ì bá ti di ọ̀dọ́mọbìnrin. Ì bá ti máa di irun, ì bá ti máa bá ìyá rẹ̀ jiyàn, bóyá ì bá ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìjagun.

"Kí ló fẹ́ràn láti máa jẹ?" Helen bèèrè.

"Ìkọ́kọrẹ́. Kó gbóná. Á ní kò gbóná tó, á sì jó o lẹ́nu."

"Èmi ò fẹ́ràn ìkọ́kọrẹ́."

"Mo mọ̀," Matilda ní. Lójú ẹsẹ̀ ló sì rí i pé irọ́ lòun pa, òun kò mọ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí lòun ti ń bù ú fún un.

Màmá ń pè wọ́n láti ilé pé kí wọ́n wá jẹun. Yẹ̀kínì gbé àdá kọ́ èjìká, ó mú Helen lọ́wọ́, wọ́n ṣíwájú. Matilda dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀. Ó rìn dé etí oko, ó yíjú padà, ó wo ìdí igi náà bóyá ohunkóhun yóò mì níbẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ewé kan kò mì. Wọ́n tún pè é nígbà kejì kó tó dáhùn.